Orúkọ Mọ́kàndínlógún Tí Wọ́n Ní Kí O Yọ

Agboolé Alábẹ́rẹ́,
Ìdí Arẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, fún ọkọ rẹ, fún àwọn ọmọ. Ara wa le nílé. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n rọra bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ti kí ọ. Ti rírọra yẹn, n kò ṣèlérí.

Ó lè pa ọ́ lẹ́rìn-ín pé mo jókòó mo ń kọ lẹ́tà láti Ìdí Arẹ̀rẹ̀ sí Yemetù, bí ẹni pé òkun ló wà láàárín wa. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi gun òkè Màpó mọ́, ìyẹn ni àkọ́kọ́. Èkejì ni pé nígbà tí a fẹ́ fẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ Àìkú, mo jágbe, o sunkún, ìyá rẹ sì gbé abọ́ ọbẹ̀ kúrò níwájú wa kó má baà dànù. Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, o kò ní lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Mo sì mọ̀ pé o kò lè rí ìwé kí o má kà á tán. Láti kékeré lo ti ní àìsàn yẹn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí o ṣe sọ ọ́, kí o má baà ní mo gbọ́ ọ sódì. Oṣù mẹ́ta nìyí tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá ilé ìwé mọ́dà lẹ́bàá Bẹyẹrúnkà. Inú mi dùn débi pé n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi ní Ọjà'ba; gbogbo ẹni tó bá gbé agbádá wá fún mi ló gbọ́ pé ọmọ mi ni olórí níbi tí àwọn ọmọ tí kò rí girama wọ̀ ti ń lo ọdún mẹ́ta lẹ́yìn pírámárì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, alábẹ̀wò ilé ìwé dé. Ó mú fọ́ọ̀mù gbọọrọ kan wá, ó ní kí o kọ ẹ̀sìn ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i, àti iṣẹ́ bàbá rẹ̀, àti àdúgbò rẹ̀, àti máàkì tó gbà. Nígbà tí o kọ ọ́ tán, ó fìka tọ́ka sí i: ọmọ akọ̀wé àti ọmọ àlejò tó wá ṣiṣẹ́ ìjọba wà lókè, ọmọ agboolé, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ oníṣègùn wà nísàlẹ̀. Ó ní kí o yọ orúkọ mọ́kàndínlógún kúrò nínú àwọn tí yóò ṣe ìdánwò ìjáde, kí èsì ilé ìwé lè dára lójú àwọn ọ̀gá òun. Ó fún ọ di ọjọ́ Jímọ́ọ̀ láti fọwọ́ sí i. O sì sọ fún mi pé o máa fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà o máa tọrọ kí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwé mìíràn tí kò sí láàárín àwa wọ̀nyí.

Má fọwọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, gbogbo ìyókù lẹ́tà yìí, àlàyé rẹ̀ ni.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ti ń wo ẹ̀yìn láti ọjọ́ Àìkú. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi gbé e síbẹ̀.

Èkíní. O gbà pé nítorí pé o gbọ́n jù nílé ni mo ṣe fi ọ́ sí sùkúù. O ti sọ ọ́ lójú mi fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, mo sì dákẹ́. Irọ́ ni mo fi dídákẹ́ yẹn pa. Nígbà tí àwọn tíṣà ń wọ agboolé kiri, tí wọ́n ń bẹ̀ wá fún ọmọ, ọmọ tí a lè fi tọrẹ là ń fún wọn. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. À ń rò pé ọmọ tó bá wọ ilé ìwé ti bọ́ mọ́ ilé lọ́wọ́ nìyẹn, kò ní kírun mọ́, kò sì ní mọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ta ni yóò wá mú ọmọ tó gbọ́n jù lọ fún irú ibẹ̀? Ọmọ tó bá já fáfá, a ó gbé e pamọ́ sí yàrá ìyá rẹ̀ títí tíṣà yóò fi lọ. Èyí tó ń ṣọ̀lẹ, èyí tí kì í gbọ́ràn, èyí tí ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ jù, òun la ó wẹ̀ la ó fi òróró pa lára, tí a ó fà lé wọn lọ́wọ́.

Èmi náà ní ọmọ méjì tí ọjọ́ orí wọn tó nígbà náà. Lámídì ẹ̀gbọ́n rẹ lè wo ọnà ọrùn agbádá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì yà á sórí iyanrìn láìfo ibì kan. Ìwọ, abẹ́rẹ́ mẹ́ta lo ṣẹ́ lọ́jọ́ kan, o tún wá bi mí pé kí ló dé tí wọ́n kò ṣe ojú abẹ́rẹ́ kó tóbi. Mo fi Lámídì pamọ́. Ìwọ ni mo fà lé wọn lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ilé yóò dákẹ́ díẹ̀.

Má bínú. Tàbí kí o bínú, ṣùgbọ́n máa kà á lọ. Bí alábẹ̀wò yẹn bá tún sọ pé orí àwọn ọmọ agboolé kò gbé ìwé, sọ fún un pé àṣàkù la kó fún wọn, àṣàkù náà ló sì ń jókòó sórí àga ọ̀gá níwájú rẹ̀ yẹn. Ibi tí ọmọ kan wà lórí fọ́ọ̀mù kò sọ ibi tí ọpọlọ rẹ̀ dé fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ ohun tí àwa àgbà ti fi ọmọ náà ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ ni.

Èkejì ni ti oko. O wà ní kíláàsì kejì nígbà tí kòkó pọ́n, mo sì kó gbogbo ilé lọ sí abúlé wa lọ́nà Àkànràn, bí gbogbo agboolé ṣe ń ṣe. N kò sọ fún tíṣà kankan. Ta ní ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ àlejò kó tó lọ sí oko bàbá rẹ̀? A ti lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún níbẹ̀ nígbà tí Tíṣà Fálàdé yọ sí wa. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti já ní ọ̀nà, ó ń tì í bọ̀, ẹrẹ̀ sì ti dé orúnkún rẹ̀.

Ó kí wa, ó sì ní, “Bàbá Sàlámátù, wọ́n ti fa igi lé orúkọ ọmọ yín nínú rẹ́jísítà. Mo ti tún un kọ sísàlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n bí kò bá bá mi padà, wọ́n á tún fa igi lé e.”

Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Mo ní, “Kí ló kàn yín nínú rẹ̀?”

Ó ní, “Èmi ni tíṣà rẹ̀.”

Mo ti bá ènìyàn jà lórí aṣọ, lórí ààlà ilẹ̀, lórí àyè ìjókòó ní mọ́ṣáláṣí pàápàá, mo sì ti ń borí wọn. Ọjọ́ yẹn, tíṣà náà ló borí mi. Ìyá rẹ ti di ẹrù rẹ kí n tó lanu. Kì í ṣe ará ilé wa, kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, oúnjẹ tí a sì gbé fún un, díẹ̀ ló jẹ níbẹ̀ tó ní kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín lọ́nà.

Fọ́ọ̀mù alábẹ̀wò bi ọ́ léèrè iṣẹ́ bàbá ọmọ. Ṣé ó bi ọ́ léèrè oṣù tí kòkó ń pọ́n? Ó bi ọ́ léèrè ẹ̀sìn. Ṣé ó bi ọ́ pé ọmọ mélòó ló ń kúrò ní ilé kéú láàárọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ? Nínú àwọn orúkọ tí o kà fún mi lọ́jọ́ Àìkú, mo gbọ́ orúkọ Ràjí, ọmọ alágbẹ̀dẹ Bẹẹrẹ. Ọmọ yẹn ti há ìdajì Kùránì sórí, ní èdè tí bàbá rẹ̀ kò gbọ́. O wá fẹ́ sọ fún mi pé orí rẹ̀ kò lè gba ìtàn àti jọ́gíráfì. Mo gbọ́ orúkọ ọmọ Ifátóògùn, oníṣègùn ẹ̀yìn Màpó. Ìyá rẹ bá ọmọdébìnrin yẹn pàdé lọ́nà odò, ó dárúkọ ewé tó wà lápá ọ̀tún, ó dárúkọ ti apá òsì, ó sì sọ àìsàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wò. Ẹ̀yin ní ó féèlì nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá. Bí kì í bá ṣe pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tèmi, ǹ bá ní wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o dìde lórí àga yẹn. Lọ sí ilé wọn. Má kọ lẹ́tà sí bàbá tí kò mọ ìwé, kí o wá ní kò dá ọ lóhùn. Kí àwọn èèyàn rẹ náà rí ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ.

Ẹ̀kẹta, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí ó ń dùn mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ́ kí gbogbo tíṣà àfi Fálàdé máa pè ọ́ ní Sárà dípò Sàlámátù nílé ìwé àkọ́kọ́ yẹn, nítorí wọ́n ní orúkọ Mùsùlùmí kò bá tiwọn mu. Mo ní kò sí wàhálà, orúkọ lásán ni. Ní ọjọ́ kan, mo pè ọ́ ní Sàlámátù níwájú ẹgbẹ́ rẹ ní Gbági, o sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá wọn. Wọ́n yí i padà, ṣùgbọ́n ojú tì mí pé ó di ìgbà tí o ta mí nù kí n tó lọ. Pe ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Nígbà tí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ bá dé, jẹ́ kí àwọn tó ń kírun lọ kírun, kí wọ́n sì padà wá, má kọ ọ́ síwájú orúkọ wọn pé wọ́n sá.

Ó ku èyí tí kò jẹ́ kí n sùn.

Nígbà tí o ka orúkọ náà fún mi, méjìdínlógún lo kà. O sì ká ìwé náà. O gbàgbé pé mo lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà ní Bẹẹrẹ, tí ìwọ gan-an ń fi mí rẹ́rìn-ín nítorí pé mo ń pe a, b, d sókè bí ẹni tó ń kiri ọjà. Nígbà tí o lọ fọwọ́, mo ṣí i. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni Ṣìfáwù Lámídì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Nígbà tí mo bi ọ́, o ní kí àwọn tíṣà yòókù má baà sọ pé o ń ṣojúsàájú. Ibẹ̀ ni mo ti jágbe, mo sì tọrọ àforíjì fún ariwo náà, ṣùgbọ́n n kò tọrọ àforíjì fún ìbínú. Ìwọ ń bẹ̀rù kí wọ́n má ní o gbe ọmọ ilé rẹ lẹ́sẹ̀, o wá ń fi ọmọ ilé rẹ wẹ ọwọ́ rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o kò mọ̀ fún ọ. Ọ̀sẹ̀ tí o wọ sùkúù, Lámídì wá bá mi nídìí iṣẹ́. Ó ní, “Bàbá, ṣé èmi náà ò lè lọ ni?” Mo ní ọmọ tó gbọ́n kì í lọ, ilé ló ni ín. Ó ní, “Ṣé bí mo bá ya òmùgọ̀, ẹ ó jẹ́ kí n lọ?” Mo gbá a létí. N kò gbọ́ kí ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́ láti ìgbà náà, bó ti wù kó kéré mọ. Ó kọ́ iṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, gbogbo agbádá tí wọ́n ń yìn mí fún láti ọdún púpọ̀ wá, ọwọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà tí ó di bàbá, kò ṣe bí mo ti ṣe. O mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣìfáwù ni ọpọlọ rẹ̀ mú jù nínú wọn, ẹni tó bá sì wo ilé wa dáadáa yóò mọ̀ pé òun ló yẹ kí ó fi pamọ́. Òun gan-an ló mú lọ sí sùkúù. Àwọn àgbà agboolé bá a wí, èmi náà dá sí i. Ó dá wa lóhùn pé tíṣà kò ní gba àṣàkù lọ́wọ́ òun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìdí tí Ṣìfáwù fi wà nísàlẹ̀ ìwé rẹ wá nìyí, mo lọ wádìí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ojú Lámídì ti ń ṣe bàìbàì, abẹ́rẹ́ ni ó jẹ ẹ́ lójú. Ó ṣì lè ṣe ọnà, ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò rí ihò abẹ́rẹ́ ti òwú bọ̀ mọ́. Láàárọ̀ kí ọmọ náà tó kúrò nílé, yóò ti òwú bọ ogún abẹ́rẹ́, yóò gún wọn sára tìmùtìmù kékeré kan, kí bàbá rẹ̀ lè rí èyí tí yóò fi ṣiṣẹ́ títí yóò fi dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín, nítorí kò fẹ́ kí oníbàárà gbọ́ pé ojú bàbá òun ti ń lọ. Bí ó bá fi máa dé Bẹyẹrúnkà, ìṣirò ti parí. Ìṣirò lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo bi í pé kí ni tíṣà máa ń ṣe bí ó bá pẹ́. Ó ní wọ́n á ní kí òun kúnlẹ̀ síta. Àṣàkẹ́, láti ọdún méjì àtààbọ̀, ọmọ yẹn kò tíì jókòó gbọ́ ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí, ẹ sì ń fún un ní máàkì ìṣirò.

Gbé ìṣirò sí ẹ̀yìn ìsinmi. Ìwọ ni ọ̀gá, ta ni yóò dá ọ dúró? Kò sí ohun tí yóò ná ọ. Wo iye ọmọ tí yóò jókòó gbọ́ ọ.

N kò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́, jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bí ó ṣe ń wá. Má ṣàánú wọn débi tí wọn kò ní mọ nǹkan. Àwọn kan wà nínú mọ́kàndínlógún yẹn tí wọ́n jẹ́ ọ̀lẹ ní tòótọ́, mo mọ bàbá wọn, mo sì mọ bàbá àwọn bàbá wọn. Dá wọn dúró lẹ́yìn ìwé. Fi iṣẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá ọ jà pé o ń dá ọmọ òun dúró, rán an sí mi, mo ṣì lè jà lórí ìjókòó. Ìdánwò ku oṣù mẹ́rin. Bí wọ́n bá ṣe é tí díẹ̀ nínú wọn kò yege, ìka kò dọ́gba, a ó gbà á. Ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni kí wọ́n ti féèlì, kì í ṣe inú ọ́fíìsì rẹ, lórí bébà tí wọn kò mọ̀ pé ó wà.

Mo mọ ohun tó lè ná ọ. Ó ṣeé ṣe kí èsì rẹlẹ̀, kí alábẹ̀wò sì ní o kò kájú iṣẹ́, kí wọ́n gba ipò náà kí wọ́n sì dá ọ padà sí kíláàsì. O sunkún lọ́jọ́ Àìkú nítorí ìyẹn, n kò sì fojú kéré ẹkún rẹ. O ti ṣiṣẹ́ fún ipò náà, obìnrin díẹ̀ ló dé ibẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí nínú wọn kò sì pọ̀. Bí wọ́n bá gbà á, kí wọ́n gbà á. Èmi tí mo gbé ọ ga kiri Ọjà'ba náà ni yóò tún máa sọ kiri ibẹ̀ pé ọmọ mi kọ̀, ohùn mi kò sì ní rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹrú ni ọkùnrin yẹn rán ọ.

Ti kí o kúrò láàárín wa, ìyẹn kò tilẹ̀ bí mi nínú mọ́, ó kàn ń bà mí nínú jẹ́. Bí ìwọ tí o mọ agboolé wọ̀nyí, tí o mọ ìgbà tí a ń lọ sóko àti ìgbà tí a ń bọ̀, bá kó ẹrù rẹ lọ, ẹni tí wọn yóò gbé wá yóò gba fọ́ọ̀mù yẹn gbọ́ pátápátá. O lè lọ bí o bá ti gbé àwọn wọ̀nyí dé ẹnu ọ̀nà ìdánwò. N kò ní dá ọ dúró lọ́jọ́ náà.

Ó rẹ̀ mí. Ìyá rẹ ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìwé àdéhùn ilẹ̀ ni mò ń kọ.

Lámídì ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ. Mo lẹ̀ ẹ́ pa níṣojú rẹ̀, kò sì béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan nípa orúkọ ọmọ rẹ̀. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ yìí láti sọ fún un fúnra mi pé mo ṣẹ̀ ẹ́, nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá jókòó, ọ̀rọ̀ agbádá ni mo ń bá a sọ. Má jẹ́ kó tètè padà. Fún un ní àga, fún un lómi, kí o ka lẹ́tà yìí fún un sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo ti gbá a létí. Nígbà tí o bá kà á tán, gbé ìwé alábẹ̀wò sí iwájú rẹ̀, fi ìka rẹ̀ lé orúkọ Ṣìfáwù, kí o sọ fún un pé orúkọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, mú kálámù, kí o fọwọ́ sí i lójú rẹ̀, bí o bá lè ṣe é.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùráímọ̀ Àkànní.